Ẹ̀rọ Tó Ń Kùn ní Abà Ọ̀pẹ

"Ṣé oyin ti wọ inú àpótí yìí ni?"

Ohun tí Bàbá Ìjọ kọ́kọ́ sọ nìyẹn lọ́jọ́ tí mo gbé ampilifáyà tí mo fọwọ́ ara mi tò wọ ilé àdúrà wọn ní Abà Ọ̀pẹ, lẹ́yìn Ìjàyè. Mo ti tan án, mo ti dúró kí inú rẹ̀ gbóná, mo sì ti ń retí kí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Dípò àtẹ́wọ́, ìró kan ló jáde láti inú sípíkà méjèèjì, "hùùùùn", ó gba gbogbo inú ilé náà kan, páànù òrùlé sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọdé kan níwájú fi ọwọ́ di etí. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn gbójú sókè, ó ń wá ibi tí òjò ti ń bọ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ni mo wí. "Kò tíì gbóná dáadáa ni."

Ó ti gbóná o. Ojú ló tì mí.

Mọ́níyà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ó dojú kọ ilé ìlọta kan. Ìyá Rédíò ni wọ́n ń pè mí. Oníbàárà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń yọjú wo ẹ̀yìn mi, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọ̀gá ńkọ́?" Èmi náà á yíjú wo ẹ̀yìn mi, n ó ní, "Ọ̀gá náà ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé rédíò wọn kalẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn ń bọ̀. Àwọn tó ní àwọn ń bọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn máa ń padà wá lóòótọ́, lẹ́yìn tí ẹlòmíràn bá ti bà á jẹ́ sí i.

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn rédíògíráàmù onípákó ńláńlá tó máa ń wà ní pálọ̀ àwọn tísà àti akọ̀wé láyé ìgbà tí mo wà ní kékeré, òun ló ń tún wọn ṣe láti Mọ́níyà títí dé Ìjàyè. Fáàfù ló wà nínú wọn. Ẹni tí kò bá mọ fáàfù, kó fojú inú wo igò kékeré kan tó tó àtàǹpàkò, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n wá to irin wẹ́wẹ́ sí i nínú. Bí iná bá dé ibẹ̀, á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀yinná tó fẹ́ kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba ohùn tí kò ju ti kòkòrò lọ, kó sọ ọ́ di èyí tó ń kún ilé. Ayé ti kúrò nídìí fáàfù tipẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò kúrò. Ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ létí bí ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹun yó.

Ìyá Akọrin ló mú mi dé Abà Ọ̀pẹ. Òun ni olórí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ aládùúrà kan níbẹ̀, àgbàlagbà obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ lè dá ẹni tó ń lọ lójú títì dúró. Ampilifáyà tí ìjọ wọn rà ti jóná lọ́jọ́ tí iná dé pẹ̀lú agbára òjijì. Ó gbé e wá fún mi. Nígbà tí mo tú u, inú rẹ̀ ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Ṣé yóò ṣeé tún ṣe?" ló bi mí.

"Eléyìí ti lọ, mà. Ṣùgbọ́n mo ní òkú rédíògíráàmù méjì nílé. Mo lè fi wọ́n to ẹ̀rọ kan fún yín, onífáàfù, tí iná òjijì ò ní tètè pa."

"O lè tò ó?"

"Mo lè tò ó."

Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ ń kùn pé kí ni obìnrin mọ̀ nípa iná, òun ló dìde nínú ìpàdé tó ní òun dúró fún mi. Èyí ló jẹ́ kí ìró ọjọ́ náà dùn mí dé egungun. Kì í ṣe orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe gbé ẹ̀rọ náà délé, ọkọ mi, Bàbá Ṣadé, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, tó sì fi pákó ìrókò kan àpótí rẹ̀, yẹ àpótí náà wò yíká, ó fọwọ́ gbá a.

"Àpótí mi kọ́ ló ń kùn o," ló sọ.

"Mi ò sọ pé àpótí ni, Bàbá Ṣadé."

"Mo kàn ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni."

Kíkùn ni à ń pe irú ìró bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ wa. Bàbá mi máa ń ní ẹ̀rọ dà bí ìyàwó ilé: bó bá ń kùn, má wulẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò dákẹ́, bi í pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Ìyá mi, tó máa ń gbọ́ ọ láti ìdí ààrò, á ní kó wá kọ́kọ́ bi òun ná.

Lílé kíkùn kò yàtọ̀ sí ọdẹ òkété. Òkété kì í gbẹ́ ihò kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń walẹ̀ káàkiri, àárẹ̀ ni yóò mú un, òkété á sì gba ibòmíràn jáde. Ẹni tó gbọ́n á máa dí ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku ẹyọ kan. Nínú ampilifáyà, àwọn fáàfù tò tẹ̀ léra wọn láti ibi tí ohùn ti ń wọlé dé ibi tó ti ń jáde sí sípíkà. Mo yọ ti àkọ́kọ́, èyí tó ń gba ohùn láti ọ̀dọ̀ makirofóònù. Kíkùn dín, kò tán. Mo yọ èyí tó tẹ̀ lé e. Kò yí padà. Mo wá mọ̀ pé òkété méjì ni mò ń lé: ọ̀kan wà níwájú níbi tí ohùn ti ń wọlé, ọ̀kan sì wà nídìí ibi tí iná ti ń wọlé.

Iná inú ẹ̀rọ onífáàfù kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Bí a bá tilẹ̀ ti fà á kúrò lára ògiri, ó ṣì lè lúgọ sínú rẹ̀ bí ajá tó ń díbọ́n pé òun sùn. Nítorí náà ni bàbá mi fi kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí iná tó kù níbẹ̀ ṣàn tán, kí n fi mítà tí a fi ń wọn iná wò ó, kí n sì máa fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́, kí èkejì wà lẹ́yìn mi. Àwọn tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù máa ń rò pé ìgbéraga ni mo fi ń di ọwọ́ sẹ́yìn.

Nídìí iná, kapasítọ̀ ni mo bá níbẹ̀. Agolo kékeré kan ni, tó ń gba iná pamọ́ bí ìkòkò ṣe ń gba omi, kí iná lè máa ṣàn geere dípò kó máa tú wẹ̀ẹ́wẹ̀ẹ́. Ara rédíògíráàmù àtijọ́ ni mo ti yọ ọ́, inú rẹ̀ sì ti gbẹ. Mo lọ sí Ògúnpa, mo ra tuntun. Níwájú, wáyà tó ń gbé iná lọ mú àwọn fáàfù gbóná ló ń gba ẹ̀gbẹ́ wáyà ohùn kọjá, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i létí. Mo lọ́ ọ pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń lọ́ okùn, mo sì gbé e sí kọ̀rọ̀ tó jìnnà.

Ó wá ku kí n gbọ́ bó ṣe rí. Ariwo ẹ̀rọ ìlọta iwájú mi kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ìró tó bá rẹlẹ̀. Òun náà ni kò jẹ́ kí n gbọ́ kíkùn ọ̀hún dáadáa kí n tó kọ́kọ́ gbé e lọ. Mo sọdá lọ bá obìnrin tó ni ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á díẹ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ nǹkan ni, Ìyá Rédíò?"

"Mo fẹ́ gbọ́ pé mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa, ṣùgbọ́n ó pa á. Mo fi etí lé sípíkà. Ó dákẹ́ bí omi inú àmù. Mo jó ijó kékeré kan níbẹ̀, n kò purọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e padà sí Abà Ọ̀pẹ, èmi àti Bàbá Ṣadé. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọn kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà wọn. Mo gbé ẹ̀rọ náà lé orí tábìlì, mo so gbogbo nǹkan mọ́ ọn, mo sì yí bọ́tìnì oníke rẹ̀.

"Hùùùùn."

Kò lágbára tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà sípíkà, kò lọ. Mo gbé tábìlì lọ sí apá kejì, kò lọ. Ọkọ mi wò yí ilé náà ká, ó rọra sọ fún mi pé, "Ó jọ pé ilé yìí ni kò fẹ́ ẹ."

Bàbá Ìjọ kò bínú. Ọkùnrin onísùúrù ni, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó mú mi lọ sábẹ́ igi níta.

"Ìyá Rédíò, ìkórè wa ti ń súnmọ́. Àwọn kan ti ń sọ pé ká ra èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́."

"Mo gbọ́, sà."

"Èmi ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ wá bá wa jọ́sìn lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ń lò ó. Bí ẹ ò bá rí i tún ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìjà."

Ìyá Akọrin dúró lókèèrè. Ó gbá mi léjìká nígbà tí mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún wọn tí mò ń lọ.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí, n kò sì tíì jọ́sìn láìwọ bàtà rí. Òjò ti rọ̀ ní òru ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Gbogbo èèyàn ń ṣan ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tútù wọlé, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ náà sì ti rin. Mo jókòó sẹ́yìn nínú àwọn aláṣọ funfun, èmi nìkan ni mo wọ àǹkárá.

Ẹ̀rọ mi ń kùn nígun rẹ̀. Ìyá Akọrin mú makirofóònù, ó gbé orin, kò sì sẹ́ni tó rántí kíkùn mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé orin ló bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orin parí, wọ́n wólẹ̀ fún àdúrà ìdákẹ́jẹ́, makirofóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kíkùn náà sì rẹlẹ̀. Ó gbé makirofóònù padà sórí pákó tó ń dúró lé. Kíkùn gbéra sókè. Mo tẹ́tí sílẹ̀ bí ajá ọdẹ. Ó tún mú un. Kíkùn tún wálẹ̀.

Mo ń ro ohun tó lè fà á lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tí Ìyá Akọrin ń sọ pé, "Àlejò kan wà láàárín wa lónìí tó ti ṣe wàhálà púpọ̀ lórí wa. Ìyá Rédíò, ẹ bọ́ síwájú kí ẹ wá jẹ́rìí oore Ọlọ́run."

Kò síbi tí mo lè sá sí. Mo bọ́ síwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì tútù, ó sì na makirofóònù sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wá, ìdí ẹ̀rọ ni mo máa ń wà, òun ni í di makirofóònù mú. Bí ọwọ́ mi ṣe kan irin rẹ̀, nǹkan ta mí láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá, wìrìwìrì, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ pa èsìsì lára. Ní ìṣẹ́jú kan náà, kíkùn rẹlẹ̀.

Ó yé mi wàyí. Mo ju makirofóònù sórí tábìlì, mo sì fi gbogbo ohùn mi ké:

"Ẹ pa iná!"

"Alelúyà!" ni gbogbo ìjọ dáhùn.

"Mo ní kí ẹ pa iná! Ẹ tètè pa á!"

"Àmín!"

Èmi fúnra mi ni mo sáré lọ fà á yọ lára ògiri. Gbogbo ojú ń wò mí.

"Ìyá Akọrin," ni mo wí, mò ń mí gúlegúle, "ṣé ó máa ń ta yín lọ́wọ́?"

"Ó ń ta mí. Láti bí ọjọ́ mélòó kan. Mo rò pé bí onífáàfù ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mi ò fẹ́ fi kún ìyọnu rẹ."

Àgbà ìjọ kan ní, "Èmi náà mú un, ó ta mí. Mo rò pé agbára ló sọ̀ kalẹ̀."

Bàbá Ìjọ mi orí. "Ẹ̀mí Mímọ́ kì í gba inú wáyà wá," ló wí. "Ìyá Rédíò, ẹ wí tẹnu yín."

Mo ṣàlàyé fún wọn. Ó yẹ kí wáyà kan wà tó máa ti ara irin ẹ̀rọ lọ sínú ilẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ lọ sùn. Bí kò bá sí i, iná tó ṣìnà náà á máa rìn kiri lára irin. Òun ló ń kùn. Bí ẹni tí kò wọ bàtà bá wá mú irin náà lórí ilẹ̀ tútù, ara ẹni náà ló máa di wáyà ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń dákẹ́ nígbà tí Ìyá Akọrin bá mú un: òun ló ń gba kíkùn náà sára. Ìyá Akọrin wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó ní kí a kọ orin ọpẹ́, wọ́n sì fi ẹnu lásán parí ìsìn náà. Èmi tí n kò mọ orin ọ̀hún gan-an, mo ń pàtẹ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Lẹ́yìn ìsìn mo tú ihò iná ara ògiri. Wáyà méjì péré ló wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀kẹta. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ẹ̀wẹ̀, bàbá mi ti ri irin bàbà kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ògiri kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí òsì. Òun ló ń dáàbò bò mí láti ọjọ́ yìí, n kò tiẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀rọ fi ń dákẹ́ ní Mọ́níyà, tó sì ń kùn ní Abà Ọ̀pẹ. Nígbà tí mo tún tú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, mo rí kapasítọ̀ tín-ín-tín kan tí àwọn tó ṣe rédíògíráàmù láyé àtijọ́ máa ń so láàárín iná àti irin ara ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni iná ti ń yọ́ jáde. Mo ti gbé e mọ́ ìyókù nígbà tí mò ń to nǹkan láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gé e kúrò.

Mo ránṣẹ́ sí Bàbá Ṣadé, ó sì gun ọ̀kadà dé ní ọ̀sán, ó gbé irin bàbà gígùn kan lé ejìká bí ọdẹ tó gbé ìbọn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣan ẹsẹ̀ la rì í sí, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Àwọn ọkùnrin ìjọ ń gbà á lù ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi orin sí i. Mo fa wáyà láti ibẹ̀ dé ihò iná, mo so ó mọ́ ara ẹ̀rọ, mo fi mítà wo irin makirofóònù. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mira.

Bàbá Ìjọ jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ tan án ká gbọ́."

"Mo ti tan án, sà."

"Nígbà wo?"

"Kí ẹ tó jókòó."

Ó na ọrùn, ó wo àwọn fáàfù tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn àpótí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n to ẹ̀rọ fún òun, mo máa ń kọ́kọ́ lọ wo ibi tí yóò jókòó sí. Mo ti dé Àkànràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ajíbọ́dé. Mo máa ń béèrè ẹ́ẹ̀tì kí n tó béèrè omi mímu. Bí kò bá sí, kí a rì í ná, kí n tó gbé fáàfù jáde.

Ọjọ́ ìkórè wọn, ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé èyí tí a ri irin náà mọ́lẹ̀, ni ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti fi ewé ọ̀pẹ àti òdòdó ṣe inú ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́, iṣu àti àgbàdo wà níwájú pẹpẹ, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn akọrin dìde. Ìyá Akọrin gbé ọwọ́, ó sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin, oníkálukú ní ibi tó wù ú. Àwọn kan wà lókè àjà, àwọn kan wà nísàlẹ̀ kànga. Ìyá Akọrin dá wọn dúró. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rín ti ń sọ láàárín ìjọ.

Ìyá Akọrin yíjú sí ẹ̀yìn, ó wá mi títí ó fi rí mi.

"Ìyá Rédíò, kí lo ṣe sí wa?"

"Èmi kẹ̀, mà?"

"Kíkùn ẹ̀rọ rẹ yẹn la ti ń fi mú ohùn orin o! Inú rẹ̀ la ti ń bá ìbẹ̀rẹ̀ orin pàdé láti ọjọ́ tó ti dé, a ò sì mọ̀!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn akọrin náà ń dì mọ́ra wọn. Mo dìde dúró.

"Ṣé kí n dá a padà fún yín?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ó nu ojú rẹ̀, ó dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀. Ó di makirofóònù mú ṣinṣin, ó pa ojú dé, òun nìkan sì gbé orin náà. Mo gbọ́ èémí tó fà kó tó la ẹnu. Mo gbọ́ bí ètè rẹ̀ ṣe ya. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú àwọn igò kékeré mi láìsí eruku kankan lára rẹ̀, àwọn tó kù sì rọra wọlé lábẹ́ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi dé ibi kan náà.

Nígbà tí orin náà parí, kò sẹ́ni tó tètè ṣe "Àmín". Ilé náà dákẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú gbogbo èrò yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó wà ní títàn. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, mò ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, inú mi sì ń dùn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.